Bàbá Onígíláàsì àti Ẹja Tí Kì í Jẹ Àjẹyó

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn bàbá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe "ẹ káàbọ̀" ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Wọn á ti inú ilé dáhùn pé, "Ẹ rọra tẹ ilẹ̀ o!" Àlejò tí kò mọ bí ọ̀ràn ṣe jẹ́ á rò pé ẹnì kan ń ṣàìsàn nínú yàrá. Á bọ́ bàtà, á yọ́ wọlé, á máa wá ẹni tí òun máa kí pé ó kú ìrọ́jú. Bàbá á wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí àpótí gíláàsì ńlá kan wà tí omi kún inú ẹ̀, tí àwọn ẹja dúdú kan ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀, ìlà ìyeyè kan láàárín ara wọn bí ẹni tó di ìgbànú. "Ẹ̀rù máa ń tètè ba àwọn wọ̀nyí," ni Bàbá á wí. "Bí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, inú wọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Bàbá ti lọ báyìí. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, àwọn tó ń wá kí wa kò yé sọ nípa gíláàsì. Ẹni kan á ní Bàbá ló fi gíláàsì sí gbogbo fèrèsé ìjọ àwọn. Òmíràn á ní àwọn ló ṣe férémù fọ́tò ìyá òun tó wà lára ògiri títí dòní. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ilé-ìwé tí wọ́n lọ, kó lọ wo ìwé ètò ìsìnkú, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Èmi ọmọ-ọmọ wọn, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ilé-ìwé girama nítorí pé Ìbẹ̀fun ni ìyá mi ti ń ṣe tíṣà, ẹja ni mo ń rí bí mo bá rántí wọn. Ẹja náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ná, torí ibẹ̀ ni ìwà wọn ti wá. Irin kékeré kan ni wọ́n fi ń gé gíláàsì, òkúta dáyámọ́ǹdì tín-ín-tín kan wà lẹ́nu ẹ̀. Wọn á tẹ́ gíláàsì sórí tábìlì, wọn á dá èémí dúró, wọn á fa ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ilẹ̀. Gíláàsì á sì là sí méjì geerege bí ẹni pé ó ti ń retí wọn tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i àìmọye ìgbà, ẹnu sì ń yà mí títí tí wọ́n fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn a máa fa ìlà náà léraléra, gíláàsì á sì fọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá kì í bínú sí wọn. Wọ́n kàn máa ń ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Bùrọ̀dá Ṣẹ̀san, àkọ́bí wọn, ló mú ẹja náà wálé. Orílẹ̀-èdè Sáḿbíà ni Bùrọ̀dá ti ń kọ́ ọmọ níwèé nígbà náà, ní ìlú kan tó wà létí adágún ńlá. Nígbà tí wọ́n wá lo ìsinmi, a rò pé aṣọ ni wọ́n kó sínú kúlà tí wọ́n gbé mọ́ àyà láti Ìkẹjà. Àfi bí wọ́n ṣe ṣí i tí a rí náílọ̀nù omi, tí ẹja ń yí nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìmùṣin, wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Ìyá wo ẹja yẹn títí, wọ́n ní, "Ṣẹ̀san, o fi ọkọ̀ òfuurufú gbé epíyà wá sí Ìjẹ̀bú? Ṣé epíyà tán l'Ẹ̀pẹ́ ni?" Bùrọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Wọ́n ní lóòótọ́, ìbátan epíyà ni, ṣùgbọ́n wíwò ni, kì í ṣe jíjẹ.

Abọ́ ìwẹ̀ ńlá ni ẹja náà kọ́kọ́ gbé, nígbà tí Bàbá ń kan ilé fún wọn. Jórinjórin bá wọn jó férémù irin, wọ́n gé gíláàsì tó nípọn, wọ́n sì fi pọ́tì tí wọ́n ń fi lẹ gíláàsì mọ́ fèrèsé dí gbogbo etí ẹ̀. Wọ́n bu omi sí i, ó ń jò. Wọ́n tú u, wọ́n tún un lẹ̀, ó tún ń jò. Ìsinmi Bùrọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí jíjò yẹn. Nígbà tó wá gbẹ tán tí kò sun ẹ̀kán omi kan, bàbá àti ọmọ jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀ bí ẹni tó ń wo sinimá. Ibẹ̀ ni Bùrọ̀dá ti sọ̀rọ̀ tó di òfin nílé wa: "Bàbá, inú ni àìsàn àwọn ẹja yìí. Nǹkan tútù tó ń hù lára òkúta ni wọ́n ń jẹ nílé wọn. Bí ẹ bá fún wọn lẹ́ran, tàbí tí wọ́n jẹ àjẹyó, tàbí tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, inú wọn á wú. Bó bá sì ti wú, ìwọ̀nba ni èèyàn lè ṣe."

Bùrọ̀dá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ìsinmi mìíràn tó dé, ìròyìn ló dé, pé ọkọ̀ kan ti gbá Bùrọ̀dá pa lójú ọ̀nà ní Sáḿbíà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí. Bàbá ò rí òkú ọmọ wọn, wọn ò rí sàréè ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá bá wọn dárò, wọ́n kọjú sí àpótí gíláàsì yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi ò dé mọ́. Àwọn tó rán ṣíwájú nìkan ló dé."

Láti ọjọ́ náà, ẹja yẹn kì í ṣe eré mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Bùrọ̀dá ti sọ fún wọn pé omi adágún ọ̀hún le, omi kànga tiwa sì rọ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ omi tó le? Ọṣẹ ni Bàbá fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n rán mi lọ ra ìkarahun ìṣáwùrù, odidi àpò kan, wọ́n sè é, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dà á sínú àgbá omi. Wọn á bu omi náà díẹ̀ sínú abọ́, wọn á fi ọṣẹ pa ọwọ́. Bí ọṣẹ bá yára hó, omi ò tíì le, wọn á fi sílẹ̀. Ó di ìgbà tí ọṣẹ bá ń lọ́ra láti hó kí wọ́n tó gbà kó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa tí mo ròyìn ẹ̀ fún wá sílé wá wò ó, ó sì ní bí Bàbá ṣe ń ṣe é gan-an ló yẹ kó rí. Inú Bàbá dùn, wọ́n bu omi ọ̀hún fún un pé kó fọwọ́. Wọ́n ní, "Omi tó bá bá ọṣẹ rẹ́ ò lè bá ẹja mi rẹ́."

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Bàbá kó òkúta sínú àwọn abọ́ omi, wọ́n tò wọ́n kalẹ̀ sínú oòrùn káàkiri àgbàlá. Tó bá pẹ́, ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri kànga á hù bo òkúta náà. Wọn á wá gbé òkúta kan sínú àpótí, ẹja á ṣù bò ó, wọn á máa fi eyín fá a. Ní ọjọ́ mìíràn ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ ni, díẹ̀ báyìí. Àwọn ará àdúgbò ò mọ èyí, wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé Bàbá Onígíláàsì, odidi àgbà ìjọ, ti ń bọ òkúta. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn àgbà ìjọ, wọ́n rán ẹni méjì wá. Bàbá mú wọn dé ìdí abọ́, wọ́n ní, "Oòrùn tó ń sá ẹ̀lùbọ́ yín náà ló ń se oúnjẹ fún ẹja mi."

Àkókò oúnjẹ ẹja yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá á fa àga sún mọ́ gíláàsì, wọn á wo ẹja kọ̀ọ̀kan: ikùn ẹ̀, ìgbẹ́ ẹ̀, bó ṣe ń mí, bóyá ó ń dá dúró ní kọ̀rọ̀. Ẹja náà á sá wá sójú gíláàsì, wọn á máa la ẹnu bí ẹni tí kò jẹun láti ọdún tó kọjá. Àánú wọn á máa ṣe mí, mà á ní, "Bàbá, ẹ fi díẹ̀ kún un." Bàbá á gbé òkúta náà jáde nígbà tí ohun tútù náà ṣì kù lára ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu wọn ò lè sọ pé ó tó. Ojú mi ló máa ń sọ ọ́."

Kì í ṣe pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Lórí ẹja yẹn, Bàbá lè bá ẹnikẹ́ni fà á. Olóyè kan wá gba fọ́tò ìwúyè ẹ̀ tí wọ́n fi sí férémù, ó sì fi òrùka ọwọ́ kan gíláàsì àpótí náà kó-kó-kó kí ẹja lè wo òun. Bàbá dìde. Wọ́n ní, "Olóyè, bí mo bá kan orí yín báyìí, ṣé ẹ máa lè jẹun lálẹ́?" Olóyè gbé fọ́tò ẹ̀, kò sì tún ya ilé wa mọ́. Bí iná bá sì lọ, tí ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi dákẹ́, pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ni Bàbá á gbé. Wọ́n ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́nu. Wọn á jókòó, wọn á máa fún un, wọn á máa kọ orin ìsìn sí i, títí iná á fi dé. Ní ọjọ́ òjò ńlá kan, wọ́n fún pọ́ńpù yẹn láti ọ̀sán títí tí agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ fi lù, wọn ò sì jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ni, "Èmi ni mo sọ wọ́n di ará Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ìwọ."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí Bàbá ò lè gbóhùn sókè sí. Ìyá Ìmùṣin ni.

Ìyá àwọn méjèèjì kú nígbà tí Bàbá ṣì kéré, Ìyá Ìmùṣin ló sì tọ́ wọn dàgbà, ọmọdébìnrin tí òun náà kò tíì tó ẹni tó ń dá oúnjẹ sè. Bí oúnjẹ bá dé, Bàbá ni wọ́n ń gbé e fún. Bí Bàbá bá bi wọ́n pé tiwọn ńkọ́, ìdáhùn kan náà ni: "Mo ti jẹ tèmi." Ìyá dàgbà tán, ebi sì di ọ̀tá wọn láyé. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí ebi gbọ́dọ̀ pa lójú wọn, ìbá à ṣe adìyẹ onílé kejì. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kí wa, gààrí á wà lórí, edé á wà nínú igbá, ìkọ́kọrẹ́ á wà nínú kúlà, ìkìlọ̀ á sì wà lẹ́nu fún Bàbá, tí àwọn nìkan ń fi orúkọ pè: "Ṣínà, ẹja yìí ń wò mí o. Ẹja yìí ò yó." Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wò." Ìyá á mi orí. Lójú tiwọn, ìwà ìkà pátápátá ni, kí èèyàn máa gbé òkúta fún ẹran ọ̀sìn nínú ilé tí gààrí Ìjẹ̀bú wà.

Ó wá di ọjọ́ tí Bàbá lọ fi gíláàsì sí ilé ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí iṣẹ́ ò sì tán tí wọ́n fi sun ibẹ̀. Mo wà nílé ìwé. Ìyá Ìmùṣin, tí wọ́n wá kí wa, dá wà nílé pẹ̀lú ẹja, ẹja sì ń la ẹnu sí wọn. Ìyá gún edé, wọ́n pò ó mọ́ gààrí, wọ́n sì bù ú sínú omi. Ẹja ṣù bò ó, ó tán. Wọ́n tún bu òmíràn. Nígbà tí mo dé, Ìyá ń kọrin. Wọ́n ní, "Wá wò wọ́n, ọmọ mi, wọ́n mà ń jó!"

Kí Bàbá tó dé, ijó ti tán. Ẹja ti kó ara wọn sí kọ̀rọ̀, ikùn wọn yọ jáde, ohun funfun kan bí òwú ń tẹ̀lé wọn nídìí. Bàbá gbé òkúta kan sínú omi, kò sí èyí tó yíjú sí i.

Mo mọ ohun tí Bàbá sọ fún olóyè tó kan gíláàsì lásán. Ìyá Ìmùṣin ò jẹ́ kí wọ́n béèrè. Wọ́n ní, "Èmi ni, Ṣínà. Wọ́n ń wò mí lójú, mi ò lè fara dà á. Ohun kan tí Ṣẹ̀san fi sílẹ̀ fún ọ, èmi náà ni mo pa á." Wọ́n wọlé lọ di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ìmùṣin, àwọn ò sì ní tẹ ilé náà mọ́, torí pé ojú wo ni àwọn fẹ́ fi wò ó. Mo mọ̀ pé bí Ìyá bá sọ ohun kan, ó di ṣíṣe. Bàbá sì wà níbẹ̀, ọmọ wọn ti lọ, ẹja ọmọ wọn ń lọ, ìyá kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ láyé náà fẹ́ máa lọ.

Bàbá kàn sọ pé, "Ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń ṣe."

Wọ́n gbọ́n omi náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi omi tí oòrùn ti yá dípò ẹ̀. Wọ́n fi ìró Ìyá bo gíláàsì kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, kí ọkàn ẹja lè balẹ̀. Wọ́n ra oògùn inú rírun ní kẹ́mísì, irú èyí tí àwa náà máa ń lò, wọ́n yọ́ ọ sínú omi. Wọn ò fún ẹja ní oúnjẹ rárá. Síbẹ̀, wọ́n ń kú. Bí ọ̀kan bá ti léfòó, Bàbá á gbé e lọ sí ìdí igi ọsàn, wọn á sin ín. Ìyá Ìmùṣin ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù wọn ní dídì lẹ́bàá ẹsẹ̀. Oúnjẹ tí mo gbé fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ó di òwúrọ̀ kan, Bàbá ká ìró kúrò lójú gíláàsì. Wọ́n wò, wọ́n wò, wọ́n sì pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá." Ẹja kan ló wà lẹ́yìn òkúta, ó dúró gbọn-in. Ìyá ní, "Òun náà ti wú." Bàbá ní, "Kì í ṣe inú ló wú. Ẹ wo àgbọ̀n ẹ̀." A ń wò ó. Ẹja yẹn la ẹnu díẹ̀, ohun kékeré kan yọ jáde, òmíràn tẹ̀lé e. Ọmọ ni! Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ yí orí ìyá wọn ká, nígbà tí mo sì mira, gbogbo wọn sá padà sí ẹnu ẹ̀.

Mo pariwo.

"Ẹnu ni irú wọn ń gbé ọmọ sí," ni Bàbá wí. "Bó bá jẹun, á gbé wọn mì. Gbogbo ìgbà tí àwọn tó kù ń jẹ edé yín, òun ò jẹ, ebi ń pa á. Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ẹja lè sọ̀rọ̀, tí ọmọ yẹn bá bi í pé tìẹ ńkọ́, ẹ mọ ohun tó máa sọ? 'Mo ti jẹ tèmi' ló máa sọ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹ kì í jẹ tiyín."

Bàbá mi àgbà, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kì í tẹ̀ ba láti mú bàtà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àgbàlagbà tó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ń dúpẹ́ oúnjẹ ìgbà èwe, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn ì bá máa pariwo oúnjẹ àná. Ìyá Ìmùṣin bú sẹ́kún, wọ́n ń fà wọ́n lápá pé, "Dìde, Ṣínà, ilẹ̀ tutù." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tú ẹrù wọn.

Àwọn ọmọ ẹja yẹn ló wà nínú àpótí títí dòní, àwọn àti ọmọ wọn. Ìyá Ìmùṣin sì di ẹni tó le ju Bàbá lọ. Bí wọ́n bá wá kí wa, àwọn ló ń ké sí àlejò pé kó rọra tẹ ilẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dé sí Bàbá lára, inú ló bá wọn jà, kì í gba oúnjẹ mọ́. Ẹ mọ bí ìdílé ṣe ń ṣe. Gbogbo wa la gbé ṣíbí. Ìyá mi gbé ògì, àbúrò ìyá mi gbé ọbẹ̀ ẹja, a ń bẹ̀ wọ́n pé "ẹ gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kan sí i." Bàbá á gbà á nítorí wa, ara á sì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é lọ́wọ́ tí Ìyá Ìmùṣin fi wọlé, wọ́n ti kúrò ní Ìmùṣin láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kúlà ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ikùn àbúrò wọn, wọ́n wo bó ṣe ń mí, wọ́n wo ojú ẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń wo ẹja kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé kúlà sílẹ̀ láìṣí i.

"Ẹ gbé ṣíbí yẹn kúrò," ni wọ́n wí. "Ẹnu ẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún yín. Ó ti tó."

Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ Bàbá mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó la ojú. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa fi ní láti tẹ̀ mọ́ wọn kí a tó gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹun?"

Kúlà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ìdérí ẹ̀ wà lórí ẹ̀ digbí.

"Mo ti jẹ tèmi, Ṣínà," ni Ìyá Ìmùṣin wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ojú dì.